Ọjọ́ Orí Olùdìbò

Ní oṣù Keje ọdún 2024, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà kéde pé kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò wọ yunifásítì láìtíì pé ọmọ ọdún 18. Ní oṣù Kọkànlá, ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀ dá a padà sí 16. Nítorí náà, ọmọ ọdún 16 lè wọ FUTA ní Àkúrẹ́, tàbí kí ó máa kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Adéyẹmí ní Òǹdó, kí ó sì lo ọdún méjì níbẹ̀ láìní ohùn nínú yíyan àwọn tí ń pín owó fún ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ǹjẹ́ ó yẹ kí a jẹ́ kí ó dìbò?

Iye ọdún tí a ń lò yìí kò ti ọ̀run sọ̀kalẹ̀. Nínú ìdìbò ọdún 1959, ẹni ọdún 21 ni a kà sí àgbà. (Àwọn obìnrin ilẹ̀ Àríwá kò tilẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ ìbò nígbà náà, bí wọ́n ti wù kí wọ́n dàgbà tó.) Ìwé Òfin ọdún 1979 sọ ọ́ di 18, ti ọdún 1999 kò yí i padà. Brazil ti gba ọmọ ọdún 16 láyè láti ọdún 1988, Austria láti ọdún 2007.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ọmọdé ni yóò kọ́kọ́ ta ìbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni àwọn tí ó sọ “dìbò kí o sebẹ̀” di òwò láàárín wa.

Àtakò tí ó wúwo jù ni ti àìjáde. Ní ìdìbò gómìnà ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, orúkọ 2,053,061 ni ó wà nínú ìwé. Lucky Aiyédatiwa wọlé pẹ̀lú ìbò 366,781, Agboọlá Àjàyí tí ó ṣe ìkejì sì ní 117,845. Bí àgbà kò bá jáde, kí ni à ń wá ọmọdé sí? Lójú tèmi, ìdí gan-an nìyí tí ó fi yẹ kí a tètè bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọmọ Òkè-Àró bá pé 18, ó lè ti lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn, ibi tí kò ti mọ ojú àpótí ìbò. Ní 16, ó ṣì ń bá ìyá rẹ̀ gbélé. Wọn yóò jọ rìn lọ síbẹ̀ ni. Àwọn olùṣèwádìí ní Vienna rí i pé àwọn ọmọ ọdún 16 àti 17 jáde dìbò ju àwọn ẹni ọdún 18 sí 20 lọ.

Àtúnṣe Ìwé Òfin kò rọrùn: ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì ní Àbújá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24. Ní ti ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀wẹ̀, ohun tí Ìwé Òfin wí ni pé ẹni tí ó bá lè dìbò fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò níbẹ̀. Èmi kò rí i kà pé kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíràn. Àwọn amòfin lè bá mi jiyàn, a ó sì ní láti kọ orúkọ àwọn ọmọ náà sínú ìwé ọ̀tọ̀. Síbẹ̀, níbẹ̀ ni ǹ bá ti kọ́kọ́ dán an wò, nítorí ìjọba ìbílẹ̀ ni ọjà àti ìdọ̀tí ojú pópó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ohun tí ọmọ ọdún 16 ń fojú rí lójoojúmọ́ bí ó ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.