Gbèsè ti ba orúkọ yín jẹ́ ní báńkì? Ẹ má sanwó fún alágbàfọ̀ orúkọ o!

N'Íkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó-Èkìtì, tíṣà tó yá owó kékeré lórí fóònù tí kò san án lè gbàgbé. Ọjọ́ tó bá fẹ́ yáwó kọ́lé ní báńkì ló máa mọ̀ pé BVN òun kò gbàgbé. Ìgbà yẹn làwọn kan máa ní kó mówó wá, káwọn bá a fọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Ẹ má dá wọn lóhùn!

CRC, FirstCentral àti CreditRegistry ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn tó ń yáwó. Òfin ọdún 2017 ní kẹ́ ẹ gba tiyín lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn. Bó bá jóòótọ́, ẹ san gbèsè náà, kẹ́ni tó yá yín lówó sì sọ fún wọn pé ẹ ti san án. Owó alágbàfọ̀ yẹn, ẹ fi dín gbèsè kù.