Ìrìn Àjò Wa Láti Aṣálẹ̀ Padà Sílé

Nílẹ̀ wa, ṣe làwọn èèyàn máa ń sá fún ọyẹ́ tó ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀. Ó máa ń jẹ́ kí ètè bẹ́, kí awọ ara sì funfun. Torí náà, nígbà tá a sọ fáwọn ẹbí nílé pé inú aṣálẹ̀ la ti lo oṣù mẹ́rin, wọ́n bi wá pé kí ló lé wa débẹ̀. Yìnyín ló lé wa.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tá a ti ń gbé nílùú Minneapolis, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, lápá àríwá Amẹ́ríkà. Nígbà òtútù, adágún omi tó wà níbẹ̀ máa ń dì débi pé àwọn èèyàn ń wa mọ́tò lórí ẹ̀. Dádì àti Mọ́mì làwọn ọmọ wa ń pè wá, orúkọ yẹn náà la sì máa lò níbí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Dádì fi wa bọ́ọ̀sì èrò nínú ìlú náà, kò sì kọ lu ẹnikẹ́ni rí. Nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì. Nígbà tí Mọ́mì yọ̀ ṣubú lórí yìnyín níwájú ilé wa, tí ọrùn ọwọ́ ẹ̀ sì kán, a pinnu pé tá a bá ti fẹ̀yìn tì, a ò ní máa dúró de òtútù mọ́.

Bá a ṣe ra ọkọ̀ àlòkù kan nìyẹn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní RV. Ilé tó ń rìn ni. Ó gùn tó mítà mẹ́sàn-án, ó sì ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù onígáàsì, fíríìjì kékeré, ibi ìwẹ̀ àti tọ́yílẹ́ẹ̀tì.

Oṣù mẹ́rin nínú aṣálẹ̀

Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Quartzsite, ní ìpínlẹ̀ Arizona, la wa ọkọ̀ náà lọ. Àwọn tó ń gbébẹ̀ ò ju nǹkan bí 2,400 lọ, àmọ́ tí òtútù bá ti dé, àwọn àgbàlagbà máa ń rọ́ wá síbẹ̀ láti àríwá Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ìjọba ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ nínú aṣálẹ̀ níbẹ̀ táwọn èèyàn lè gbé ọkọ̀ wọn sí láti September 15 sí April 15. Dọ́là 180 la san fún gbogbo àkókò náà. Kò síná, kò sómi nídìí ọkọ̀. Ẹ̀rọ omi kan la ti jọ máa ń pọn omi, oòrùn tó ń ràn sórí òrùlé ọkọ̀ ló sì ń fún wa níná. Kò ṣòro fún wa. Ẹni tó bá dàgbà n'Íbàdàn kì í ṣàì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ omi lò.

Dádì fẹ́ràn àtimáa lọ síbi ibojì kan nínú ìlú náà. Òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́n, orí rẹ̀ ṣóńṣó, ère ràkúnmí sì wà lókè ẹ̀. Hadji Ali ni wọ́n sin síbẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ ò mọ orúkọ yẹn pè, ni wọ́n bá ń pè é ní Hi Jolly. Láàárín ọdún 1850 sí 1860, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kó ràkúnmí wọ̀lú, òun sì wà lára àwọn tó wá láti òkèèrè kó lè máa tọ́jú wọn. Wọ́n pa iṣẹ́ ràkúnmí tì, àmọ́ ó dúró sínú aṣálẹ̀ náà títí tó fi kú lọ́dún 1902. Dádì máa ń sọ pé: “Alájì yìí ò padà sílé o.”

Inú aṣálẹ̀ yẹn la ti kọ́kọ́ rí àmì, a ò kàn kà á sí ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Dádì fi èjìká òsì gbá òpó ìbòòrùn tí aládùúgbò wa ta. Lọ́jọ́ kan, ó da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀bù. A fi rẹ́rìn-ín.

A dorí kọlé

March 20 la gbéra. Ọ̀nà tó wà níwájú wa lé ní 3,000 kìlómítà, a sì fẹ́ rọra rìn ín. A wo táyà, a da omi ìdọ̀tí nù níbi tí wọ́n ṣe fún un, a so gbogbo abọ́ mọ́lẹ̀, Mọ́mì sì kó gààrí àti ata díndín sítòsí.

Lẹ́yìn tá a kúrò ní Phoenix, ṣe ni ọ̀nà ń gòkè títí tá a fi dé Flagstaff, tó fi nǹkan bí 2,100 mítà ga ju ìtẹ́jú òkun lọ. Lọ́sàn-án, ẹ̀wù péńpé la wọ̀. Nígbà tó fi máa di òwúrọ̀, omi ti dì sínú páìpù ọkọ̀ wa. Lọ́jọ́ kejì, ní ilé epo kan ní Holbrook, ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀ wa ha òpó yẹ́lò kan. Dádì ní wọn ò ri òpó náà síbi tó dáa. Àwa méjèèjì gbà bẹ́ẹ̀.

Atẹ́gùn Texas

A sọdá odò Rio Grande ní Albuquerque, a sun Tucumcari, ọ̀nà Amarillo ló wá kàn. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú lọ salalu, kò sígi tó lè dá atẹ́gùn dúró, nígbà ìrúwé sì rèé, atẹ́gùn ibẹ̀ le. Ọkọ̀ gíga bíi tiwa máa ń mì bí ọkọ̀ ojú omi ni. Ọkọ̀ kan ń falẹ̀ níwájú wa, Dádì wo dígí, ó sì yà sápá òsì kó lè kọjá.

Tírélà kan ti wà níbẹ̀.

Mọ́mì pariwo, fèrè tírélà ké, Dádì sì fa síárìn padà. Àwọn abọ́ tá a so mọ́lẹ̀ já dà sílẹ̀. A rọra wọ ibi ìsinmi tó wà létí ọ̀nà, a pa ọkọ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀.

Dádì ní: “Atẹ́gùn ni.”

Mọ́mì dáhùn pé: “Dádì, kì í ṣe atẹ́gùn. Ẹ ò rí i.”

Ìgbà yẹn ló tó jẹ́wọ́. Ó lé lóṣù mẹ́jọ tí nǹkan ti ń ṣàdédé yọ sí i láti apá òsì, bí ìgbà tó hù látinú ilẹ̀. Ó mọ̀ pé ó yẹ kóun lọ rí dókítà. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ojú bàbá ẹ̀ fọ́ nígbà tí Dádì wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì ní ayé ló ṣe é. Dádì ló máa ń di orí ọ̀pá bàbá náà mú, tí á máa fà á lọ sóko, tí á sì tún fà á padà wálé. Ọdún márùn-ún ló fi ṣe é. Ó ní: “Mi ò fẹ́ kẹ́nì kankan fa ọ̀pá mi.”

Mọ́mì, tó ti fi gbogbo ayé ẹ̀ tọ́jú aláìsàn, ò mọ ohun tó máa sọ. Ó kàn di ọwọ́ ẹ̀ mú.

Mọ́mì gba síárìn

Mọ́mì ò wa ọkọ̀ ńlá yẹn rí kọjá ibi tá a gbé e sí. A dúró sí Amarillo fún ọjọ́ mẹ́ta kí atẹ́gùn lè rọlẹ̀. Láàárọ̀ kùtùkùtù, Dádì á mú un lọ sí pápá ìgbọ́kọ̀sí kan tó ṣófo, á sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń já kọ́nà gbígbòòrò àti bí wọ́n ṣe ń fi dígí méjèèjì rìn sẹ́yìn. Mọ́mì sunkún lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kẹta, Dádì ní: “O ti ń wa ọkọ̀ báyìí.” Òun alára ni ojú ẹ̀ pọ́n.

Nígbà tá a gbéra, Mọ́mì ò kúrò lápá ọ̀tún, tó jẹ́ tàwọn tó ń falẹ̀. Wákàtí mẹ́ta péré là ń rìn lóòjọ́. Àwọn tírélà ń kọjá lára wa fìì. Dádì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá Oklahoma City. Ní Kansas, àwọn àgbẹ̀ ń dáná sun pápá kí koríko tuntun lè hù, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà yẹn lọ́dọọdún. Èéfín náà wọ inú ọkọ̀, ó sì ń rùn bí igbó tí wọ́n ń sun nílé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Dádì fa èémí símú. Ló bá ṣí wíńdò, ó sì fi ohùn kọ̀ńdọ̀ Èkó ké pé: “Emporia! Emporia! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!” Mọ́mì rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti dín eré kù.

A dé Minneapolis ní April 2. Yìnyín ṣì wà lórí adágún.

Ohun tí dókítà rí

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, Dádì lọ sílé ìwòsàn ojú. Wọ́n wọn bí nǹkan ṣe ń ti ẹyinjú ẹ̀ látinú, wọ́n sì ní kó máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkigbà tó bá rí iná kékeré tó tàn. Nínú àwòrán tí wọ́n tẹ̀ jáde nípa ojú òsì, ibi tó dúdú ju ibi tó funfun lọ. Ti ọ̀tún náà ti bẹ̀rẹ̀. Àrùn glaucoma ni.

Dókítà ṣàlàyé fún wa pé omi kan máa ń sun nínú ojú, ó sì máa ń ṣàn jáde. Tí ibi tó ń gbà jáde ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, omi náà lè máa ti ojú látinú, kó sì máa ba iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í dunni rárá. Ẹ̀gbẹ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú, àárín ló ń kù kẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí Dádì fi ń ka ìwé ìròyìn, àmọ́ tí kò rí tírélà. Ohun tó ti bà jẹ́ kò lè padà, ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n ń kán sójú lè dáàbò bo èyí tó kù. Àrùn náà wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwa ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó sì máa ń rìn nínú ìdílé.

Dádì dákẹ́ nígbà tó gbọ́ ìyẹn. Nígbà tó yá, ó ní: “Kì í ṣe ayé ló ṣe bàbá mi nígbà náà.”

A pe àwọn ọmọ wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a sì pe àwọn àbúrò Dádì tó wà n'Íbàdàn àti ní Kánò. Àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn náà ti ń bẹ̀rẹ̀ lójú àkọ́bí wa, ẹni ọdún mọ́kànlélógójì. Ojú rẹ̀ ò tíì bà jẹ́ púpọ̀, ó sì ti ń lo oògùn. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti rí nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ìdílé yín, tàbí tí ẹnì kan nílé yín ń kọsẹ̀, tó sì ń sọ pé òpó ni kò sí níbi tó dáa, ẹ má dúró dìgbà tí ojú bá dùn ún.

Dádì ti dá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ dúró fúnra ẹ̀, kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Lálaalẹ́, tí aago mẹ́sàn-án bá lù, Mọ́mì á kán oògùn sí i lójú. Tó bá di November, a tún ń lọ sí aṣálẹ̀. Mọ́mì ló máa wakọ̀. Dádì ti ń kọ orúkọ àwọn ìlú tó wà lójú ọ̀nà sílẹ̀, kó má bàa gbàgbé ibì kankan tó bá ń kérò.