Bí Àwọn Aṣáájú Ìjọ Àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta Ṣe Mọ Jésù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Síbẹ̀, ìròyìn ni àwọn aṣáájú ìjọ àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta fi mọ Jésù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó fi ojú kàn án.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Bíbélì sọ fún wa pé Pétérù àti Jòhánù bá Jésù rìn, wọ́n sì bá a jẹun. Pọ́ọ̀lù kò bá a rìn bí tiwọn. Ojú ọ̀nà Dámásíkù ni ó ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó lọ bá Pétérù ní Jerúsálẹ́mù, tí ó sì gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ 15.

Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, àwọn ẹrú tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun ni ó kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn náà, ní ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì ní Sàró. Ní nǹkan bí ọdún 1839, díẹ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí Abẹ́òkúta. Àwọn ni wọ́n ránṣẹ́ pe olùkọ́. Freeman dé ní oṣù Disẹ́ńbà 1842, Townsend sì dé ní oṣù Jánúárì 1843. Ṣódẹkẹ́ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí ó yé ni jùlọ ni ti Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Ọ̀ṣoògùn ní 1821, a gbà á sílẹ̀ ní 1822, ó sì ṣe ìtẹ̀bọmi ní Sàró ní 1825. Nígbà tí ó dé Abẹ́òkúta ní 1846, ó rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, lẹ́yìn ọdún 25. Ìyá yìí kò mọ̀wé, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnu ọmọ rẹ̀ ni ó ti gbọ́ nípa Jésù, ní èdè Yorùbá. Ní 1848, ó ṣe ìtẹ̀bọmi, a sì sọ ọ́ ní Hannah.

Ìgbàgbọ́ yìí ná wọn ní nǹkan. Ní 1849, wọ́n de àwọn onígbàgbọ́ kan ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì nà wọ́n, nítorí ẹni tí wọn kò rí rí.

Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi ìròyìn náà sílẹ̀ fún ẹnu nìkan. Wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, odindi rẹ̀ sì parí ní 1884, kí oníkálukú lè kà á fúnra rẹ̀.

Lóòótọ́, ìròyìn kò tó àfojúbà. Ṣùgbọ́n Àfàlá fi ojú ara rẹ̀ rí ẹni tí ó mú ìròyìn wá: ọmọ tí ó ti sọ nù, tí ó sì padà wálé.