Ṣé O Mọ̀? Abẹ́ Ilẹ̀kùn Ni Kí O Kọ́kọ́ Wò

Ṣé o mọ̀ pé MGB, ọkọ̀ asáré tí wọ́n gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1962, kò ní ṣáásí? MGA tó ṣáájú rẹ̀ ní férémù irin tó nípọn tí wọ́n gbé ara ọkọ̀ lé lórí. Ti MGB kò rí bẹ́ẹ̀: ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni egungun ọkọ̀. Ohun tó sì di iwájú mọ́ ẹ̀yìn, pàápàá nínú èyí tó jẹ́ pé aṣọ ni òrùlé rẹ̀, ni àpótí irin gbọọrọ méjì tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Síìlì ni wọ́n ń pè é. Bí o bá fẹ́ ra ọkọ̀ asáré àtijọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, tó sì jẹ́ MGB ni ọkàn rẹ fà sí, síìlì ni ìbéèrè kìíní. Òun náà ni ìbéèrè kejì.

Ṣé o mọ̀ pé èyí tí ojú ń rí nínú síìlì kọ́ ni gbogbo rẹ̀? Irin kan wà níta, òmíràn wà láàárín, òmíràn tún wà nínú. Inú lọ́hùn-ún ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí omi àti ẹrẹ̀ ti ń sùn. Nígbà tí ìta bá fi máa lu, inú ti jẹ tán. Ẹni tó bá fẹ́ tà á kíákíá lè jó irin tuntun mọ́ ìta, kó kùn ún ní ọ̀dà, kí gbogbo rẹ̀ sì máa dán gbinrin.

Mo rántí ọ̀kan tí mo lọ wò ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Pupa fòò ni, ó ń dán bí dígí, òrùlé aláṣọ rẹ̀ tuntun. Mo fi òòfà kékeré kan tí mo ti fi aṣọ wé lé síìlì lára. Níwájú, nítòsí táyà, ó gbá irin mú. Mo ń fà á lọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kù bí àtẹ́lẹwọ́ méjì kó dé táyà ẹ̀yìn, òòfà já bọ́ sórí kọnkéré. Mo gbé e padà, ó tún já bọ́. Irin ti tán níbẹ̀. Pọ́tì ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n wá fi ọ̀dà pupa bò ó mọ́lẹ̀. Mo nà gbalaja sórí ilẹ̀ tútù, mo tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ọkọ̀, mo sì rí irin tuntun tí wọ́n jó mọ́ èyí tó ti jẹrà, bí ẹni fi ìrépé aṣọ lẹ àkísà. Ẹni tó ń tà á dúró lórí mi, kò sọ nǹkan kan. Mo dìde, mo gbọn aṣọ mi, mo kí i pé ó dàbọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀kùn lè sọ òtítọ́ fún ọ? Gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ọkọ̀, fi jáàkì gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè díẹ̀, kí o wá ṣí ilẹ̀kùn, kí o sì tì í. Bí ó bá há, tàbí tí àlàfo etí rẹ̀ fún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọkọ̀ ń tẹ̀ láàárín nìyẹn, egungun rẹ̀ ti rọ̀. Má ṣe kó orí sábẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró o.

Ilẹ̀kùn kan náà yìí tún ní àṣírí mìíràn. Wo ìdí gíláàsì kékeré onígun mẹ́ta tó wà níwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni irin ilẹ̀kùn MGB ti máa ń sán. Àbùkù tí gbogbo ẹni tó mọ ọkọ̀ yìí mọ̀ ni, kò sì yẹ kó dẹ́rù bà ọ́ bí síìlì bá le.

Ṣé o mọ̀ pé iyọ̀ wà lára ohun tó ń pa ọkọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Nígbà òtútù, iyọ̀ ni ìjọba ń fọ́n sójú títì kí yìnyín má bàa dì í. Táyà á ta iyọ̀ yìí sábẹ́ ọkọ̀, irin á sì máa jẹ. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wá MGB tó ti gbé ní California tàbí Arizona, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ. Ìlàjì gbogbo MGB àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n kó lọ sí òkè òkun, Amẹ́ríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù. Àmọ́ oòrùn ibẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ àga àti dáṣíbọ́ọ̀dù. Sísán ni wọ́n ń sán.

Sitiárìn ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, ọwọ́ òsì ló wà. Ọ̀rọ̀ yìí kan ìwọ tí o ń ronú pé lọ́jọ́ kan wàá gbé e wálé. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, òfin ilẹ̀ wa kò sì fàyè gba sitiárìn ọwọ́ ọ̀tún mọ́. Òfin tún wà lórí iye ọdún tí ọjọ́ orí tòkunbọ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá kó tó wọlé. Bi kọ́sítọ́ọ̀mù kí o tó san kọ́bọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé nọ́ńbà ọkọ̀ lè bá ọ sọ̀rọ̀? Lára MGB àwọn ọdún àkọ́kọ́, wàá rí GHN3 tàbí GHD3. G dúró fún MG. H sọ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà láàárín 1400 sí 1999 cc. 1798 gan-an ni. N ni ọlọ́rùlé aláṣọ, D sì ni GT, èyí tó ní òrùlé irin tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1965, tí ilé-iṣẹ́ Pininfarina ti Ítálì lọ́wọ́ nínú bí òrùlé náà ṣe rí. Bí ẹnìkan bá ń ta ọlọ́rùlé aláṣọ fún ọ, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GHD, ẹnìkan ti fi ayùn gé GT nìyẹn. Béèrè ẹni tó gé e, àti ohun tó fi dí agbára tí òrùlé gbé lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ni ohun tó yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù kẹ́yìn? Ẹ́ńjìnnì yìí lágbára, mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ lè tú u kó sì tò ó padà, ẹ̀yà rẹ̀ tuntun sì wà lọ́jà títí di òní. Síbẹ̀, fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó ṣí i fún ọ. Bí ó bá ti gbóná kí o tó dé, bi í pé kí ló dé. Ẹ́ńjìnnì tútù ni kí wọ́n ṣíná rẹ̀ lójú rẹ, kí o lè rí èéfín àkọ́kọ́: èéfín aláwọ̀ búlúù ń sọ pé ó ń jó ọ́ìlì. Lẹ́yìn náà, wà á títí tó fi gbóná dáadáa, kí o máa wo géèjì ọ́ìlì. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, kó wà láàárín 50 sí 80 psi.

Ṣé o mọ̀ pé epo tó pọ̀ jù ní ilé epo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí kò bá ọkọ̀ yìí lára mu? Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni E10 ti di bẹntiróòlù gbogbogbò níbẹ̀. Ọtí ethanol inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ọtí yìí ń fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ páìpù rọ́bà àtijọ́ títí á fi máa jò sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. E5 ni kí o máa rà, kí o sì pààrọ̀ gbogbo páìpù epo tí o kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Epo olójé náà ti kúrò lọ́jà láti ìparí ọdún 1999. Béèrè bóyá wọ́n ti fi ìjókòó fáàfù líle sórí ẹ́ńjìnnì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oògùn inú epo ni wàá máa rà títí.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Béèrè síwájú sí i.

Ṣé ó ní overdrive? Jíà kẹrin MGB lásán ń mú ẹ́ńjìnnì yí nǹkan bí 3,900 ní ìṣẹ́jú kan tí o bá ń sá 70 máìlì ní wákàtí. Pẹ̀lú overdrive, ó wálẹ̀ sí bíi 3,200, etí rẹ á sì sinmi. Ṣé sípóòkì ni táyà rẹ̀ ní? Gbé e sókè, kí ẹnìkan tẹ bíréèkì, kí o máa mi táyà síwá sẹ́yìn. Bí ó bá ń ró kọ̀, kọ̀, eyín họ́ọ̀bù ti jẹ.

Ta ló fún un ní gíríìsì kẹ́yìn? Kíńpìnnì, irin tí táyà iwájú fi ń yà, ń fẹ́ gíríìsì ní gbogbo 3,000 máìlì, àìfún un sì ló ń pa á.

Ṣé ó ti tó ọdún 1967? Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹnu bátìrì tó ní àmì àròpọ̀ ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀, ìdàkejì tòde òní. Bí o bá so rédíò tuntun mọ́ ọn láìbéèrè, ó jó. Bátìrì náà sì lè jẹ́ méjì, oní 6 fóòltì kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn àga.

Wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára táyà: 2309 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2009. Ọkọ̀ tí kì í jáde lè ní táyà tí ojú rẹ̀ ṣì mú ṣáṣá, tí rọ́bà rẹ̀ sì ti le bí igi.

Ṣé o mọ̀ pé láti ìparí ọdún 1974 ni bọ́ńpà MGB ti di rọ́bà dúdú ńlá, nítorí òfin Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì gbé ọkọ̀ náà ga sókè? Ọ̀pọ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀, ó sì máa ń rọ̀gbọ̀kú díẹ̀ ní kọ́nà, nítorí náà owó rẹ̀ máa ń rọjú. Lójú tèmi, òun gan-an ló dára jù fún ẹni àkọ́kọ́. Síìlì líle pẹ̀lú bọ́ńpà dúdú sàn ju síìlì jíjẹrà pẹ̀lú bọ́ńpà tó ń tàn yòò.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìwé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ tó ti lé ní 40 ọdún kì í san owó òde, kò sì pọn dandan kó ṣe àyẹ̀wò MOT bí wọn kò bá ti yí i padà púpọ̀. Ọdún 1980 ni wọ́n ṣe MGB kẹ́yìn ní Abingdon, nítorí náà gbogbo wọn ló ti pé. Àmọ́ ìwọ fúnra rẹ ni wàá lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ìtàn. Ìyẹn náà ni kò ní jẹ́ kí o san £12.50 ULEZ, owó ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, lójoojúmọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ọkọ̀ rẹ bá léwu lójú títì, MOT tí o kò ṣe kò ní gbà ọ́: owó ìtanràn lè tó £2,500. San owó àyẹ̀wò náà. Ó kéré sí owó wíwo ọgbẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé V5C, ìwé ọkọ̀ ibẹ̀, kò fi hàn pé ẹni tó mú un lọ́wọ́ ló ni ọkọ̀? Ara rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Béèrè rìsíìtì, kí o sì fi nọ́ńbà ara ọkọ̀ wé ti inú ìwé. Nínú ìnṣọ́ránsì, iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí ni kí o gbà, kó má bàa jẹ́ pé bí wọ́n bá jí i, owó àlòkù lásán ni wọ́n máa san fún ọ.

Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ kí o fi òòfà kan ọkọ̀ rẹ̀, tàbí kò fẹ́ kí o gbé e sókè wo abẹ́ rẹ̀, fi owó rẹ sápò, kí o máa lọ sílé. Wọ́n ṣe MGB ju 500,000 lọ. Òmíràn ń bẹ.