Ẹṣin Tí Kò Ráyè Gbé Warri

"Bí ẹṣin bá dá ni, gígùn là ń tún un gùn." Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Òkèrè, òwe yìí kì í yé mi, nítorí ní Warri tiwa, ọkọ̀ ojú omi ló ń dani. Ẹṣin tí mo kọ́kọ́ fojú rí, wọ́n háyà rẹ̀ wá síbi ìsìnkú olówó kan ni. Bó ṣe fọnmú báyìí, gbogbo àwa ọmọdé fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ìyá ìyá mi, ọmọ Ọ̀yọ́ tí òwò gbé wá, kò sá ní tiẹ̀. Ó fa irun mẹ́ta yọ níbi ìrù ẹṣin náà, ó fi di kókó kékeré tó hù sí mi lọ́rùn. Ó ní kò ní pẹ́ já. Ó já lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a dì pinpin fún ọ̀sẹ̀ kan, ta ni kò mọ̀ pé yóò kú? Ó tún ní kí aboyún má ṣe ré okùn ẹṣin kọjá, kí oyún rẹ̀ má baà pẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Èyí ni n kò lè fi rẹ́rìn-ín tán: nǹkan bí oṣù mọ́kànlá ni abo ẹṣin fi ń lóyún. Àwọn àgbà ti kà á.

Eṣinṣin tsetse ni kò jẹ́ kí ẹṣin ráyè gbé ìhà tiwa. Ní ọ̀dàn Ọ̀yọ́ ló ti gbayì, ibi tí wọ́n ti ń rà á lọ́wọ́ Tápà àti Hausa láyé àtijọ́. Bó bá wọgbó, wàhálà dé. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin rí i nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn lójú ogun Òṣogbo, ní nǹkan bí ọdún 1840.

Àríwá Áfíríkà ni wọ́n gbà pé ọ̀pọ̀ ẹṣin Ọ̀yọ́ ti ṣẹ̀ wá, lọ́dọ̀ àwọn Berber. Àwọn Berber yìí kan náà wà lára àwọn Mùsùlùmí tó sọdá òkun sí Sípéènì lọ́dún 711, ọ̀pọ̀ sì gbà pé ẹ̀jẹ̀ ẹṣin wọn wà lára ẹṣin Andalusia ti Sípéènì: ọrùn tó ki, gọ̀gọ̀ tó wálẹ̀ yẹ̀rẹ̀yẹ̀rẹ̀, funfun tàbí eérú ló pọ̀ jù. Ó nípá, síbẹ̀ ó gbẹ̀kọ́. Ìbátan ẹṣin Ọ̀yọ́ ni mo kà á sí.

Ó ṣeé ṣe kí ọmọ Warri kan ti rí irú rẹ̀ rí: ní nǹkan bí ọdún 1600, ọmọ Olú, ọba Warri, tí wọ́n ń pè ní Domingos lọ kàwé ní Pọ́túgà, nígbà tí ọba Sípéènì ń jọba lé ibẹ̀ lórí. Ó lo nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ó fẹ́ ọmọ ọlọ́lá níbẹ̀, ó sì padà wá di Olú Atuwatse Kìíní. Ẹṣin tó rí lójú pópó ibẹ̀ á tó o wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé Atuwatse Kẹta ládé ní Ode-Itsekiri, lọ́jọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 2021, ọkọ̀ ojú omi ló gbé àlejò lọ.