Àpò Káàdì Tàbí Àsùnwọ̀n? Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Fífi Fóònù Sanwó ní Ilé Oògùn

Ìfáárà

Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí yóò bá fún ohun tuntun ní orúkọ ní èdè Yorùbá ní láti wo ohun náà fúnra rẹ̀ kí ó tó wo orúkọ tí èdè mìíràn fún un. Ìdí ni pé èdè mìíràn lè fi orúkọ kan ṣoṣo pe ohun méjì tí iṣẹ́ wọn kò jọra. Bí atúmọ̀-èdè kò bá fura, yóò gbé ìdàrúdàpọ̀ náà wọ inú èdè tirẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan ni ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “mobile wallet”, èyí tí ènìyàn fi ń fi fóònù sanwó ọjà. “Àpamọ́wọ́ orí fóònù” ni ìtumọ̀ tó tètè ń wá sí ọkàn. Kò burú létí, ṣùgbọ́n ó fi ohun pàtàkì kan pamọ́: nínú irú kan, owó wà níbẹ̀, nínú irú kejì, kò sí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ilé oògùn ẹlẹ́ka púpọ̀ ní Amẹ́ríkà láàrin ọdún 2014 sí 2018 fi hàn pé a kò lè sọ ìtàn náà ní àsọyé bí orúkọ wọ̀nyí kò bá yàtọ̀ síra.

Ìjà tó wáyé nídìí ẹ̀rọ ìgbowó

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ Apple bẹ̀rẹ̀ ètò Apple Pay ní Amẹ́ríkà. Walgreens àti Duane Reade, tí wọ́n ń ta oògùn, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á wọlé. CVS àti Rite Aid, tí wọ́n jẹ́ abánidíje wọn, kò bá Apple ṣe àdéhùn kankan. Síbẹ̀, ẹ̀rọ ìgbowó wọn lè gbọ́ ìgbì rédíò tí fóònù náà ń lò, nítorí náà àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sanwó níbẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ilé-iṣẹ́ méjèèjì ti pa apá tí ń gbọ́ ìgbì náà lára ẹ̀rọ wọn. Kì í ṣe Apple Pay nìkan ni èyí kàn. Google Wallet, tó ti wà láti ọdún 2011, kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni káàdì báńkì tí a kàn ń sún mọ́ ẹ̀rọ láìkì í bọ̀ ọ́.

Kí ló fa èyí? Ilé-iṣẹ́ méjèèjì wà nínú ẹgbẹ́ oníṣòwò tí ń jẹ́ MCX, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2012, tí Walmart àti Target pẹ̀lú jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ń ṣètò CurrentC, ọ̀nà tiwọn láti fi fóònù sanwó. Ìgbì rédíò kọ́ ni CurrentC gbára lé, bí kò ṣe àmì onígun mẹ́rin tí tótòtó dúdú àti funfun kún inú rẹ̀, tí ẹ̀rọ kan ń fi ojú kà lára ẹ̀rọ kejì. Ète wọn ni pé kí owó máa ti inú àsùnwọ̀n oníbàárà ní báńkì wá tààrà, láìgba ọ̀dọ̀ àwọn àjọ tí ń darí káàdì. Báyìí ni oníṣòwò yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ owó tí wọ́n ń yọ lórí ọjà kọ̀ọ̀kan tí a bá fi káàdì san, ìmọ̀ nípa ohun tí oníbàárà ń rà yóò sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

CurrentC kò dé gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n dán an wò ní ìlú Columbus ní ìpínlẹ̀ Ohio ní ọdún 2015, wọ́n sì pa á tì ní ọdún 2016. Rite Aid ti gba Apple Pay láti oṣù kẹjọ ọdún 2015. Ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé pátápátá ní ọdún 2025. CVS ní tirẹ̀ gbé CVS Pay jáde ní ọdún 2016, èyí tí oníbàárà fi ń sanwó nípa àmì tí a ń kà lójú fóònù. Ọdún 2018 ni ó tó ṣí ẹ̀rọ rẹ̀ fún Apple Pay.

Bí atúmọ̀-èdè bá kọ ọ́ pé “ilé oògùn méjì kọ àpamọ́wọ́ orí fóònù”, ó ti ṣìnà. Wọn kò kọ fífi fóònù sanwó, nítorí pé wọ́n ń ṣètò tiwọn lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n tì ni ọ̀nà ìgbì rédíò, èyí tó fi dé orí káàdì tí kò ní fóònù nínú rárá. Nítorí náà ó yẹ kí ọ̀nà tí fóònù fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ní orúkọ tirẹ̀, yàtọ̀ sí orúkọ ohun tó wà nínú fóònù. “Ìsanwó ìsúnmọ́” bá ọ̀nà ìgbì rédíò mu, nítorí pé fóònù tàbí káàdì ní láti sún mọ́ ẹ̀rọ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 4. “Àmì onígun mẹ́rin” tó fún èkejì.

Adélé àti àrokò

Kí ni fóònù ń sọ fún ẹ̀rọ ìgbowó? Nígbà tí ènìyàn bá fi káàdì rẹ̀ sínú Apple Pay, nọ́ńbà káàdì náà gan-an kò sí nínú fóònù. Nọ́ńbà mìíràn ni a ń fún fóònù náà, tí kò sì wúlò fún fóònù mìíràn. “Nọ́ńbà aṣojú” lè jẹ́ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n aṣojú ṣeé rán lọ sí ibi gbogbo. “Nọ́ńbà adélé” sàn jù: adélé ń ṣe iṣẹ́ ọba ní ìlú kan pàtó, kò lè gbé àṣẹ náà lọ sí ìlú mìíràn.

Pẹ̀lú nọ́ńbà adélé ni fóònù ń fi àmì ìdánilójú kan ránṣẹ́, tí a ṣe fún ìsanwó kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ ìgbowó ń gbé e lọ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tí a rán an sí ni ìtumọ̀ wà. Ohun tí àrokò ń ṣe láyé àtijọ́ nìyí, nítorí náà “àrokò ẹ̀ẹ̀kan” yẹ ẹ́.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Bí oníbàárà bá dá ọjà padà sí ilé ìtajà, agbowó lè béèrè nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára káàdì tó fi sanwó. Bí ó bá ka èyí tó wà lára káàdì ọwọ́ rẹ̀, ó lè máà bá ti rìsíìtì mu, nítorí pé nọ́ńbà adélé ni ẹ̀rọ gbà. Àgbàlagbà Yorùbá tó ń gbé ní Houston, tí ọmọ rẹ̀ bá a fi káàdì sínú fóònù, lè rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Agbowó náà lè rò pé kì í ṣe bàbá yìí ló ra ọjà. Gbólóhùn kan nínú ìwé ìtọ́sọ́nà ní èdè Yorùbá ìbá ti parí ìjà náà.

Níbo ni owó wà?

Ètò M-PESA, tó bẹ̀rẹ̀ ní Kẹ́ńyà ní ọdún 2007, yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tó ń lò ó ń fi owó síbẹ̀, iye tó kù ń hàn sí i, ibẹ̀ ló sì ti ń ná an. Bákan náà ni OPay àti PalmPay ní Nàìjíríà. Orúkọ ti wà nílẹ̀ fún irú èyí. Àsùnwọ̀n jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ fún àpò owó, òun náà sì ni àwọn oníròyìn ń lò lónìí fún ibi tí owó ẹni wà ní báńkì. “Àsùnwọ̀n orí fóònù” yóò tètè yé oníbàárà. Fún irú ti Apple Pay, tí káàdì nìkan ń wà nínú rẹ̀, “àpò káàdì orí fóònù” ni ó tọ́.

Bí fóònù bá sọnù ni ìyàtọ̀ náà ń hàn jù. Ẹni tó ní àpò káàdì lè dá a dúró láti ọ̀nà jíjìn, kí ó sì máa lo káàdì ọwọ́ rẹ̀ lọ; adélé ni a rọ̀ lóyè, ọba ṣì wà lórí ìtẹ́. Ẹni tó ní àsùnwọ̀n gbọ́dọ̀ tètè sọ fún ilé-iṣẹ́ tí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, kí ó sì ní kí wọ́n ti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ pa. Ẹni tí a fi ọ̀rọ̀ kan náà kọ́ ní ohun méjèèjì lè lọ bá ẹni tí kò yẹ kó bá.

Ó yẹ kí á kíyè sí i pé ètò kan lè ní méjèèjì nínú. Láti ọdún 2017 ni Apple ti fi Apple Cash, tí owó ń wà nínú rẹ̀, kún àpò káàdì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà iṣẹ́ ni àwọn orúkọ wọ̀nyí ń sọ, kì í ṣe ilé-iṣẹ́.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn ọ̀rọ̀-ìperí tí a dábàá nìyí:

Àpò káàdì orí fóònù: ibi tí káàdì báńkì wà nínú fóònù, tí owó kò sí.
Àsùnwọ̀n orí fóònù: ibi tí a ń fi owó sí, tí a sì ti ń ná an pẹ̀lú fóònù.
Ìsanwó ìsúnmọ́: fífi ìgbì rédíò sanwó láìfi káàdì bọ inú ẹ̀rọ.
Àmì onígun mẹ́rin: àmì tí ẹ̀rọ ń fi ojú kà.
Nọ́ńbà adélé: nọ́ńbà tó dúró fún ti káàdì nínú fóònù kan.
Àrokò ẹ̀ẹ̀kan: àmì ìdánilójú fún ìsanwó kan ṣoṣo.

Kò sí ẹni tí yóò dí àwọn ènìyàn lọ́wọ́ láti máa pe gbogbo rẹ̀ ní wọ́lẹ́ẹ̀tì lọ́jà. Ṣùgbọ́n nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti nínú ìwé ìtọ́sọ́nà, ìbéèrè méjì péré ni olùkọ́ nílò láti fi yan ọ̀rọ̀ tó tọ́: níbo ni owó wà, ọ̀nà wo ló sì gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ta oògùn?