Oògùn Kan Náà, Ọmọ Méjì Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Bí obìnrin tó ní wárápá bá bí ọmọ tí ètè rẹ̀ là, tàbí tí èékánná rẹ̀ kéré jù, kì í pẹ́ tí ìdílé yóò fi máa bèèrè ẹni tó dẹ́ṣẹ̀. Ìyá ọkọ a ní òun ti sọ fún ọmọ òun kó má fẹ́ ẹ. Irú ìbéèrè yẹn ni àwọn ọmọ-ẹ̀yìn bi Olúwa wa nípa ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú (Jòhánù 9), a sì mọ̀ pé Jésù kò di ẹ̀bi náà ru ọkùnrin náà tàbí àwọn òbí rẹ̀.

Láti 1938 ni wọ́n ti ń fi oògùn phenytoin tọ́jú wárápá. Ní 1975, àwọn dókítà Hanson àti Smith ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àbùkù tí wọ́n rí lára àwọn ọmọ tí ìyá wọn lò ó nígbà oyún. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kò ní àbùkù ńlá kankan. Wọ́n tilẹ̀ rí ìbejì tí ọ̀kan ní in tí èkejì kò ní. Inú kan náà, oògùn kan náà!

Ara ọmọ inú oyún, pàápàá ẹ̀dọ̀ rẹ̀, a máa bá oògùn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ wo ewùrà. Bó bá wà nínú èèpo, kì í yún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí a bá bó o ni omi rẹ̀ ń yún ni lọ́wọ́, àfi kí a tètè ṣan án. Bẹ́ẹ̀ ni phenytoin: bí ara ti ń tú u, ó lè di ohun tó ń ba ẹ̀yà ara ọmọ jẹ́, ẹ́ńsáìmù kan ló sì ń pa oró rẹ̀. Tìyá tìbàbá ni ọmọ ti ń jogún agbára ẹ́ńsáìmù yìí. (Kí ìyá ọkọ gbọ́ o: ọmọ tirẹ̀ náà wà nínú rẹ̀.)

Ní 1990, Dókítà Bruce Buehler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ omi tó yí ọmọ ká wò nínú oyún 19. Nínú 4, agbára ẹ́ńsáìmù náà kéré. Àwọn 4 yìí gan-an ni wọ́n bí pẹ̀lú àmì àbùkù náà. Àwọn 15 yòókù kò ní in. Iye wọn kò pọ̀, àyẹ̀wò náà kò sì di ohun tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo aboyún.

Ẹ̀rù tó ń bà wá ni ti arábìnrin tí yóò ka èyí, tí yóò sì lọ da oògùn rẹ̀ nù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Bí wárápá bá gbé aboyún ṣánlẹ̀, ó lè gbẹ̀mí ìyá àti ọmọ. Kí oyún tó dé ni kí tọkọtaya ti jọ lọ rí dókítà, nítorí oṣù méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara ọmọ ń fara hàn, nígbà tí obìnrin mìíràn kò tíì mọ̀ pé òun lóyún. Dókítà lè pààrọ̀ oògùn náà: valproate ni wọ́n ń sá fún jù, ewu lamotrigine àti levetiracetam kéré sí i. Yóò tún kọ fólíìkì ásíìdì fún un. Kí wọ́n má sì fi àgbo tí wọ́n ń mu nílé pa mọ́ fún dókítà.